Kòtò Abẹ́ Bọ́ọ̀lù

Ọjọ́ kejìlá, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ abẹ́rẹ́, ẹ kú ìfaradà àwọn oníbàárà tí kì í wá gba aṣọ wọn lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Màámi, mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ máa ka ìwé yìí sí wọn létí tí wọ́n bá ní àwọn ò rí awò ojú àwọn. Ẹ kú ilé o, ẹ má fo ìlà kankan.

Ara mi le. Òtútù ṣì mú níta nílẹ̀ òkèèrè yìí, àmọ́ iwájú ààrò ni mo máa ń dúró sí nílé búrẹ́dì, ẹni tó bá sì ń yọ búrẹ́dì látinú ààrò kò ní máa ṣàròyé òtútù. Ohun tó mú mi kọ̀wé lónìí ni pé a gba ife. Mo ti sọ fún yín rí pé àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ládùúgbò yìí máa ń bá ara wọn díje nínú eré sinúkà, bọ́ọ̀lù orí tábìlì tí wọ́n ń fi igi gbá, pé àwa ará ilé búrẹ́dì ló sì máa ń gbẹ̀yìn. Lọ́dún yìí, a na àwọn awakọ̀, a na àwọn tó ń ta bàtà, lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá a sì na àwọn ará ilé ìfọṣọ tí ife náà ti ń sùn lọ́dọ̀ wọn látọjọ́ tó ti pẹ́.

Bàbá, títú ni mo fi nà wọ́n. Bí mo bá ti gbá bọ́ọ̀lù funfun lu àwọn tó kù, ńṣe ni wọ́n ń fọ́n ká bí ẹ̀wà tó dà sórí símẹ́ńtì, bọ́ọ̀lù igun ọ̀tún á sì ti wọ ihò kí n tó gbé orí sókè, bó ṣe máa ń rí gan-an lórí tábìlì tiwa ní ṣọ́ọ̀bù yín. Obìnrin àgbàlagbà kan ló ni gbọ̀ngàn tí a ti ń gbá a. Ìyá Gbọ̀ngàn ni gbogbo wa ń pè é, pẹ́ńsù kì í kúrò lẹ́yìn etí rẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Ta ló kọ́ ọ?" Mo ní bàbá mi ni. Ó ní, "Iṣẹ́ wo ni bàbá rẹ ń ṣe?" Mo ní télọ̀ ni. Ó ní, "Ẹ gbọ́ o. Bàbá ń so nǹkan pọ̀, ọmọ ń tú u ká." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ìtìjú tó dùn ni.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje, èmi ni wọ́n fi ṣe ẹni tó ń to bọ́ọ̀lù. Mo sọ fún wọn pé lọ́dọ̀ tiwa, kì í ṣe gbogbo ọwọ́ ni wọ́n ń jẹ́ kó tò ó, pé ẹni tó mọ̀ ọ́n tò ló ni ọ̀wọ̀. Lọ́jọ́ ìdíje, mo máa ń débẹ̀ ṣáájú gbogbo èèyàn. Màá tò ó, màá kàn án lórí bí ẹ ṣe kọ́ mi, kí ó lè jókòó.

Àwọn ẹgbẹ́ mi fẹ́ kí n kọ́ àwọn ní títú. Mo mọ̀ ọ́n ṣe, n kò mọ̀ ọ́n sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Mo fi àwòrán kan sínú àpò ìwé yìí. Èmi ni mo di ife mú.

Ọmọ yín,
Àbíkẹ́yìn

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta

Àbíkẹ́yìn mi,

A rí ìwé rẹ gbà, a rí àwòrán. Màmá rẹ ní o ti gbẹ. Mo ní kò gbẹ, ife ló tóbi. Ó ní kí n bi ọ́ ìdí tó fi jẹ́ pé èmi lo kọ̀wé sí, tí o wá sọ òun di akàwé. Kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí n lè rí oúnjẹ jẹ nínú ilé yìí.

Mo gbé àwòrán náà lọ sí ìsàlẹ̀ àdúgbò. O rántí Wẹ́dà, tó ra tábìlì tirẹ̀, tó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó ti ń jó irin, nígbà tó rí i pé ṣọ́ọ̀bù mi ń kún. Mo na àwòrán sí i. Ó wò ó títí. Ó ní, "Bàbá Túká, ẹ kú oríire. Ẹ jẹ́ kí inú wa dùn tán. Ẹ tú ẹyọ kan fún wa lórí tábìlì tèmi." Mo ní, "Wẹ́dà, ta ló rí ẹkùn tó lọ ṣọdẹ nínú ilé ajá?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo gba àwòrán mi, mo bá tèmi lọ.

Ní ti títú tí o béèrè, sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ pé agbára kọ́. Ẹni tó bá fi gbogbo ara gbá a, bọ́ọ̀lù funfun ló máa fò kúrò lórí tábìlì, yóò sì máa wá a kiri lábẹ́ àga. Kí wọ́n di igi mú bí ẹni tó di ọwọ́ ọmọ tó ń sùn mú, kó má bọ́, kó má sì jí. Ẹsẹ̀ kan níwájú, èkejì lẹ́yìn, kí àgbọ̀n sún mọ́ igi. Kí wọ́n má gbé bọ́ọ̀lù funfun sí àárín gbùngbùn, kó yà sí òsì díẹ̀. Kí wọ́n wá wo bọ́ọ̀lù iwájú lójú, kí wọ́n sì gbá a lójú náà. Ẹni tó bá gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, agbára rẹ̀ á pín sí méjì, ìdajì á lọ ṣòfò. Títú tó dáa, bọ́ọ̀lù funfun á lù wọ́n tán, á fà sẹ́yìn díẹ̀, á dúró sáàárín tábìlì bí ẹni tó dá ìjà sílẹ̀ tó wá ń wò ó.

Ṣùgbọ́n ìdajì títú ti parí kí èèyàn tó mú igi. Inú títò ló wà. Bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ fara kan bọ́ọ̀lù. Bí àyè bá wà láàárín méjì, ì báà tín-ín-rín bí òwú, agbára tó yẹ kó dé ẹ̀yìn á kú síbẹ̀. Nítorí náà, tí o bá ti fi férémù onígun mẹ́ta kó wọn jọ, mú bọ́ọ̀lù mìíràn, fi kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lórí, kó, kó, kó, kí wọ́n lè jókòó sínú aṣọ orí tábìlì. Tí wọn ò bá kàn án, ọ̀lẹ ló tò ó. Bí ẹni tó kọ́ mi ṣe kọ́ mi nìyẹn, bí mo ṣe kọ́ ọ náà nìyẹn.

Gbé ife náà síbi tí eruku kò ní bà lé e.

Bàbá rẹ,
Túká

Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. N kò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Aṣọ orí tábìlì Ìyá Gbọ̀ngàn, tuntun ni nígbà tí ìdíje bẹ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a, oòrùn ìrọ̀lẹ́ gba ojú fèrèsé wọlé, ó rí òjìji tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó fi lélẹ̀ lórí aṣọ kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ẹ̀gbẹ́. Kòtò ló rí, kòtò kéékèèké tó tò ní igun mẹ́ta, níbi tí bọ́ọ̀lù ń jókòó sí gẹ́lẹ́. Ó ránṣẹ́ pe alága ìdíje, awakọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì. Alága kó bọ́ọ̀lù síbẹ̀ láìlo férémù, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń yí lọ sí àyè rẹ̀ bí adìyẹ tó mọ ibùsùn. Ó ní abájọ tí bọ́ọ̀lù kan náà fi ń wọ ihò kan náà.

Wọ́n béèrè ẹni tó ń tò ó. Èmi ni. Wọ́n béèrè ẹni tó ń ṣáájú dé. Èmi náà ni. Ìyá Gbọ̀ngàn ní òun máa ń gbọ́ kó, kó, kó láti yàrá òun, òun rò pé ẹnì kan ń tún ilẹ̀kùn ṣe ni.

Níbí, ẹnikẹ́ni kì í kan bọ́ọ̀lù lórí. Wọ́n ní ó máa ń ba aṣọ jẹ́, pé ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń sọ ọ́ fún àlejò. Wọn ò sọ ọ́ fún mi nítorí mo ti yára sọ fún wọn pé mo mọ̀ ọ́n.

Wọn kò tíì pè mí ní olè. Wọ́n ní ó yẹ kí àwọn jókòó sọ̀rọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi nílé búrẹ́dì, àwọn tó gbé mi sọ́rùn lọ́jọ́ ife, bí mo bá wọlé báyìí, gbogbo wọn á rí nǹkan wò nínú ìyẹ̀fun.

Bàbá, mo ti ń rò ó láti ọjọ́ yẹn. Lórí tábìlì tiwa náà, bọ́ọ̀lù igun ọ̀tún ló máa ń wọlé. Ẹ kì í gbá lórí tábìlì Wẹ́dà. Ẹ kì í gbá níbòmíràn rárá. Ṣé ẹ mọ̀? Tí ẹ bá mọ̀, ẹ sọ fún mi. Tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, pé a kò mọ̀, kí n lè kà á fún ìgbìmọ̀ ìdíje. Ìparí oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa jókòó. Ọ̀rọ̀ yín nìkan ló lè gbà mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́.

Ọmọ yín,
Àbíkẹ́yìn

Ọjọ́ kẹjọ, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Ìwé rẹ dé. Mo ní kí màmá rẹ tún un kà, bóyá ó ṣì í kà. Kò ṣì í kà.

"Ṣé ẹ mọ̀?" Ọlọ́pàá ló ń bi èèyàn bẹ́ẹ̀. Mo ti ránṣọ fún ìdajì àdúgbò yìí. Kò sí ẹni tó gbé aṣọ wá fún mi tí n kò fi àjákù rẹ̀ wé e padà fún un. Ìwọ tí mo fi abẹ́rẹ́ tọ́ lo wá ń béèrè bóyá mo jalè, nítorí àwọn tí kò mọ̀ mí, tí n kò sì mọ̀.

N kò ní ìwé tí mo fẹ́ kọ sí ìgbìmọ̀ kankan. Bí wọ́n bá ń wá ẹni tó gbẹ́ kòtò, kí wọ́n lọ bá àwọn tó ń gbẹ́ kànga.

Màmá rẹ ní òun kí ọ.

Bàbá rẹ

Ọjọ́ kejì, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má bínú sí mi.

Ìgbìmọ̀ ti jókòó, ọ̀rọ̀ náà sì ti tán. Wọ́n ní kí n má to bọ́ọ̀lù mọ́, ó parí síbẹ̀. Ife ṣì wà lọ́wọ́ wa. Alága tiẹ̀ gbá mi léjìká kó tó lọ. Kò sí ohun tí ẹ ní láti kọ mọ́, ẹ jẹ́ ká gbàgbé rẹ̀.

Iṣẹ́ pọ̀ nílé búrẹ́dì. Ẹ sọ fún Màámi pé mò ń jẹun dáadáa.

Ọmọ yín

Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹfà

Àbíkẹ́yìn,

Mo ti kọ ìwé yìí dé ìdajì kí tìrẹ tó dé pé ọ̀rọ̀ ti tán. Mo kà á, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì ń bá tèmi lọ, nítorí lọ́dọ̀ tèmi kò tíì tán.

Inú ló bí mi tí mo fi kọ ìwé ìjọ́sí. Màmá rẹ kò jẹ́ kí n sinmi lé e. Ó ní, "Bàbá Túká, ẹ bínú, ẹ bú u, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ibi tí ẹ ti ní ẹ kò mọ̀." Mo ní, "Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe?" Ó ní, "Ọwọ́ yín wà lára yín, aṣọ wà lórí tábìlì."

Télọ̀ ni mí. Mo lè dijú, kí n fi ìka sọ fún ọ ibi tí ẹlòmíràn ti tú aṣọ kó tó tún un rán. Èmi fúnra mi ni mo na aṣọ sórí tábìlì yẹn, tí mo kàn án níṣòó. Láti ọjọ́ náà, n kò fi àtẹ́lẹwọ́ kan ibi tí bọ́ọ̀lù ń jókòó sí. Bọ́ọ̀lù ló máa ń wà níbẹ̀, tàbí kí ojú mi wà lára àwọn tó ń wò mí. Lọ́jọ́ náà mo fọwọ́ kàn án. Àwọn kòtò náà wà níbẹ̀. Wọ́n jin, bí ìgbà tí ọmọdé fi ìka gún ìyẹ̀fun pípò. Mo gbé bọ́ọ̀lù kan lé e, mo tì í, ó padà. Mo tún un tì, ó padà.

Mo ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Mo jókòó sórí àga ìránṣọ títí màmá rẹ fi wá pè mí.

Lọ́jọ́ kejì, mo dúró di ọ̀sán, nígbà tí èrò máa ń pọ̀ lọ́dọ̀ Wẹ́dà, kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo yọ́ lọ. Nígbà tí wọ́n rí mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo "Túká, Túká". Wẹ́dà pa iná tó fi ń jó irin, ó sì fún mi ní igi tó dáa jù. Mo ní kí òun fúnra rẹ̀ tò ó, kó má sì kàn án lórí.

Mo dúró bí mo ṣe máa ń dúró. Mo gbá a. Bọ́ọ̀lù iwájú yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn tó kù sún díẹ̀ bí èrò tí wọ́n ní kó fún àgbà láyè, wọ́n sì dúró. Ẹnì kan ní, "Ẹ jẹ́ kí Bàbá tún un gbá, ọwọ́ wọn kò tíì gbóná." Wẹ́dà tún un tò. Lọ́tẹ̀ yìí mo fi gbogbo ara gbá a, bọ́ọ̀lù funfun fò, ó balẹ̀, ó yí lọ sábẹ́ gáàsì Wẹ́dà. Ó ní láti dọ̀bálẹ̀ kó tó lè fi ọ̀pá irin fà á jáde.

Ó nù ún, ó gbé e lé tábìlì jẹ́jẹ́. Ó ní, "Bàbá, ilẹ̀ ibí ló dagun. Tábìlì mi kò dọ́gba." Ọ̀nà ló ń là fún mi, ọmọlúwàbí èèyàn ni, n kò sì mọ̀ títí di ọjọ́ yẹn. Mo ní, "Wẹ́dà, tábìlì rẹ dọ́gba. Tèmi ni kò dọ́gba." Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ọ̀dọ́kùnrin kan tí mo ti nà títí tí kò fi bá mi gbá mọ́, ó ní, "Bàbá, gbogbo àsìkò yẹn, kòtò ni?" Mo ní, "Kòtò ni." Mo dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọn kò rín. Ì bá sàn fún mi kí wọ́n rín.

Nísinsìnyí, ìdáhùn ìbéèrè rẹ nìyí: n kò mọ̀. Àmọ́ jẹ́ kí n sọ ọ́ dé ìdí. Mo ti mọ̀ lára tipẹ́ pé ọwọ́ mi kò ní gbọ́ tèmi níbòmíràn. Ẹ̀rù ló ń bà mí, mo sì ń pè é ní iyì. Ẹni tó bá bẹ̀rù ibì kan tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó bi ara rẹ̀ léèrè ìdí. N kò bi ara mi.

Ka èyí fún wọn: Èmi, bàbá rẹ̀, ni mo kọ́ ọ kó máa kan bọ́ọ̀lù lórí. Ìmọ́tótó ni a pè é. A kò mọ̀ pé ó ń gbẹ́ ilẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ bínú sí ẹnì kan, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ mi, ṣùgbọ́n kí wọ́n má pe ilé wa ní ilé olè.

Ọ̀kan ló ṣẹ́kù. O ní wọ́n ti dá ọ sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, kí lo sọ fún wọn tó tẹ́ wọn lọ́rùn?

Bàbá rẹ

Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù keje

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ níbi tí mo wà. Ẹ má jẹ́ kí Màámi ka èyí sókè. Ẹ wá awò ojú yín, kí ẹ kà á fúnra yín.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó, ìwé kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ mi láti ọ̀dọ̀ yín lórí ọ̀rọ̀ kòtò ni èyí tí ẹ ti ní kí wọ́n lọ bá àwọn tó ń gbẹ́ kànga. Alága bi mí pé ta ló kọ́ mi. Mo ní bàbá mi. Ó ní, "Ṣé bàbá rẹ mọ ohun tó ń ṣe?" Gbogbo wọn ń wò mí. Mo rí i pé tí mo bá ní ẹ kò mọ̀, wọ́n á ní irọ́ ni, pé báwo ni bàbá àti ọmọ ṣe máa fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn gbẹ́ kòtò láìmọ̀. Mo ní ẹ mọ̀.

N kò dúró níbẹ̀. Mo ní ẹ mọ̀ọ́mọ̀ gbẹ́ ẹ ni, kí ẹ lè máa na àwọn èèyàn. Mo ní inú rẹ̀ ni mo dàgbà sí, mo rò pé bí gbogbo ayé ṣe ń gbá a nìyẹn. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, mò ń rí i tí ojú wọn ń rọ̀, mo bá ń fi kún un. Alága dìde, ó gbá mi léjìká, ó ní, "Ọmọ kì í yan bàbá rẹ̀." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo kọ̀wé sí yín pé ó ti tán. Ó sì ti tán lóòótọ́. Àwọn ẹgbẹ́ mi tún ń bá mi jẹun. Ẹnì kan máa ń bi mí pé, "Báwo ni bàbá rẹ, ọ̀gá agbẹ́kòtò?" Èmi náà á rẹ́rìn-ín.

Ìwé yín dé lọ́sàn-án. Mo kà á ní ìdúró lẹ́yìn ilé búrẹ́dì. Nígbà tí mo dé ibi tí Wẹ́dà ti ní ilẹ̀ òun ló dagun, mi ò lè kà á lọ. Ẹni tí ẹ ti ń bá fà á bọ̀ láti ọjọ́ yìí wá ọ̀nà àbáyọ fún yín, ẹ kọ̀ ọ́. Ní tèmi, ẹnikẹ́ni kò la ọ̀nà fún mi, ẹ̀yin ni mo tẹ̀ mọ́lẹ̀ kọjá.

Mo bẹ Ìyá Gbọ̀ngàn kó tún bá mi pè wọ́n jọ. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ tó ti tán, kí lo tún ń tú u sí?" Mo ní kò tán. Mo ka ìwé yín fún wọn, mò ń túmọ̀ rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Níbi tí bọ́ọ̀lù ti yí lọ sábẹ́ gáàsì, ọkùnrin kan nínú àwọn ará ilé ìfọṣọ rẹ́rìn-ín. Mo dúró kó rín tán. Mo ka ibi tí ẹ ti ní kí wọ́n má pe ilé wa ní ilé olè.

Nígbà tí mo parí, Ìyá Gbọ̀ngàn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Níjọ́sí, o ní bàbá rẹ mọ̀. Lónìí ó ní òun kò mọ̀. Èwo ni ká gbà?"

Mo ní, "Ẹ gba ti bàbá mi. Èmi ni mo parọ́."

Ó ní, "Ká ní o sọ pé ẹ̀yin méjèèjì kò mọ̀ ni, à bá gbà ọ́ gbọ́, ọ̀rọ̀ náà ì bá sì ti parí síbẹ̀. Bàbá rẹ lo wá tà." Ó yọ pẹ́ńsù lẹ́yìn etí rẹ̀, ó ń yí i lọ́wọ́. "Bí bàbá rẹ bá wọlé síbí, màá fún un ní igi. Ìwọ, gbé igi sílẹ̀ ná."

Wọ́n gba ife lọ́wọ́ wa. Alága ní kì í ṣe nítorí kòtò, pé irọ́ ẹnu mi ló gbà á. N kò ní gbá nínú ìdíje títí ọdún á fi parí. Àwọn ẹgbẹ́ mi kò bá mi jà. Wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Tí mo bá ń na búrẹ́dì sí wọn, wọ́n ń gbà á, wọn kì í wo ojú mi.

N kò mọ bí mo ṣe máa ní kí ẹ dárí jì mí, nítorí náà n kò ní béèrè. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yín bí ẹ ṣe sọ ọ́. N kò yọ kúrò níbẹ̀, n kò fi kún un.

Àbíkẹ́yìn

Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹjọ

Ọmọ mi,

O kú iṣẹ́ ààrò. Màmá rẹ kí ọ. Ó bi mí ohun tó wà nínú ìwé rẹ, mo ní o ní kí a máa ṣe jẹ́jẹ́. Kò gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n kò tún béèrè.

Ó dùn mí. N kò ní ṣe bí ẹni pé kò dùn mí. Kì í ṣe pé o ní mo mọ̀ ló dùn mí jù, ẹni tí omi ń gbé lọ kì í wo ohun tó máa dì mú. Èyí tí o fi ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n bá béèrè ọ̀gá, ni mo ń rò nígbà tí mo bá fẹ́ sùn. Bí mo bá ní o kò ṣẹ̀ mí, èmi náà ń parọ́ nìyẹn. O ṣẹ̀ mí. O sì padà lọ sọ ọ́ lójú gbogbo wọn, níbi tí kò sí ẹni tó fipá mú ọ. Méjèèjì ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ. N kò lè gba ọ̀kan kí n dá èkejì padà.

Mo ti tú aṣọ yẹn kúrò lórí tábìlì. Mo ti na òmíràn. Mò ń gbá lórí rẹ̀ bí gbogbo èèyàn ṣe ń gbá, wọ́n sì ń nà mí. Àwọn kan ṣì ń pè mí ní Túká, ẹnu wọn ló ti mọ́ ọn lára.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Wẹ́dà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó mú ṣòkòtò wá pé kí n gé e kúrú, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe nítorí ṣòkòtò. Ó jókòó. Ó ní, "Bàbá, ìwé tí ẹ kọ ránṣẹ́ sí àwọn ìgbìmọ̀ ọmọ yín ńkọ́? Gbogbo wa ní ìsàlẹ̀ ń retí àbájáde rẹ̀." Ó ti sọ ọ́ fún gbogbo wọn pé ọ̀rọ̀ mi ni yóò gbà ọ́. Ó fi ọwọ́ lé orúnkún, ó ń wò mí, inú rẹ̀ mọ́ sí ọ.

Mo ní, "Wọ́n gbà á gbọ́. Wọ́n ní kó máa gbá lọ. Ife ṣì wà lọ́dọ̀ wọn."

Ó ní, "Ẹ ò rí i. Òótọ́ kì í ṣìnà." Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé láti sọ bí òun ṣe fẹ́ kí ṣòkòtò náà kúrú tó.

Mo tẹ orí ba, mo ń wa ẹ̀rọ lọ. Kò nira fún mi láti sọ ọ́, n kò rò ó, ó kàn jáde lẹ́nu mi, ó sì dùn ún sọ. Ibẹ̀ ni mo ti rí bó ṣe rí fún ọ níwájú wọn. Nígbà tí Wẹ́dà lọ tán, màmá rẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo aṣọ tó ti ń kọjá lábẹ́ abẹ́rẹ́ láti ìgbà tí ọkùnrin náà ti wọlé, ó ní, "Bàbá Àbíkẹ́yìn, kò sí òwú nínú ẹ̀rọ yẹn."

Bàbá rẹ